Ọdún Tí A So Kárià Mọ́ Orí Mọ́tò Bàbá

Ilé tí wọ́n bí mi sí kì í dákẹ́. Orí omi la kọ́ ọ sí, lórí òpó, bí gbogbo ilé etí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ nígbà náà, torí náà ẹni tó bá ń wá ìdákẹ́jẹ́ nílé wa, àfi kó kú, òun náà wọ́n á sì kọrin lé e lórí. Omi á máa gbá òpó nísàlẹ̀ wa pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́, bí ìyá tó ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn. Pákó tí wọ́n tò láti ilé kan dé èkejì á máa ké lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, igbe kálukú sì yàtọ̀, débi pé Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, tí ojú ẹ̀ ti ń ṣú, máa ń mọ ẹni tó ń bọ̀ kí ẹni náà tó yọ. Á kàn sọ láti ibi tó jókòó sí nídìí ààrò pé, "Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ òkúta, rọra, pákó ò ṣẹ̀ ẹ́." Èmi ni ẹlẹ́sẹ̀ òkúta. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mò ń gbé ní Igbókọ̀dá, ilẹ̀ náà sì dákẹ́ débi pé mi ò rí oorun gidi sùn. Ìwé tí mo kà ò ju ìwé mẹ́fà lọ, mo sì fara balẹ̀ kà á ni, torí mo ka ìwé mẹ́rin níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ yìí, kó má wulẹ̀ pè mí sí i. Èmi náà ti rí i, mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ni.

Nínú gbogbo ariwo ilé wa, ọ̀kan ló wà tí gbogbo wa jọ máa ń dúró dè: ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Bàbá, nírọ̀lẹ́, tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Igbókọ̀dá. Tí ohùn yẹn bá ti dún lókèèrè, Màmá á gbé omi púpurú, oúnjẹ gbágùúdá wa, kaná, Yèyé á dá orin ìjọ tó ń kọ dúró kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ọdún tí mò ń sọ yìí, epo ti bo omi wa. Wọ́n ní páìpù kan ló bẹ́ níbì kan. Kò sẹ́ni tó wá sọ ibi tó ti bẹ́ fún wa. Àwọ̀n á wọ omi ní funfun, á jáde ní dúdú, ìwọ̀nba ẹja tó bá sì wà nínú ẹ̀ á máa rùn bí àtùpà. Bàbá ká àwọ̀n ẹ̀, ó fi kọ́ abẹ́ òrùlé, ó lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kọ́ńtírákítọ̀ kan pé kóun máa fi ọkọ̀ òun gbé àwọn òṣìṣẹ́ epo láti èbúté Igbókọ̀dá lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo. Yèyé ní ẹni tó sun ilé ẹni náà ló tún wá ń ta pákó fún ni yìí. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ nínú ẹ̀. Gbogbo wa là ń jẹ nínú ẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì yẹn bá dákẹ́, kò sí ohun mìíràn nílé wa tó tún lè sọ̀rọ̀ fún wa.

Ọdún yẹn náà ni Bàbá ra mọ́tò. Ẹ má bi mí pé kí ni ẹni tó ń gbé orí omi fẹ́ fi mọ́tò ṣe. Màmá ti bi í, kò rí èsì gbà. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ epo ló ń kó lọ sílùú ẹ̀, Bàbá sì ra mọ́tò náà lọ́wọ́ ẹ̀. Mọ́tò kékeré ni, aláìnídìí: ẹ̀yìn ẹ̀ gé gbáú bí ohun tí wọ́n fi àdá gé, ilẹ̀kùn ńlá kan ló wà níbẹ̀ tó ń ṣí sókè bí ẹnu ọ̀nì. Bàbá ra náílọ́ọ̀nù, ó fi wé gbogbo àga inú ẹ̀, tó fi jẹ́ pé tí èèyàn bá jókòó, á máa dún wàrà-wàrà bí ẹni jókòó lé ewé gbígbẹ, tó bá sì fẹ́ dìde, á bó lára itan ẹ̀ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mọ́tò ò lè dé ilé wa, nítorí omi. Àgbàlá ọmọ ìjọ wa kan lẹ́bàá èbúté ló ń sùn. Tí a bá jáde ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, a máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wò ó bí ẹni lọ wo aláìsàn ní hòsípítù. Bàbá á ṣí i, á gbá inú ẹ̀, á jẹ́ kí a jókòó fún ìgbà díẹ̀, á wá ní kí a bọ́ sílẹ̀ kí náílọ́ọ̀nù má baà gbó. Mo sọ fún àwọn ọmọ iléèwé wa pé mo mọ̀ ọ́n wà. Ohun tí mo mọ̀ nínú ẹ̀ ò ju bí itan mi ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ àga ẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ohùn ẹ́ńjìnnì dún lókèèrè, àmọ́ ó ń wúkọ́. Màmá ò gbé omi kaná. Yèyé ní, "Ẹ gbọ́, ó ti mú òtútù," ó sì dákẹ́ orin. Ẹlẹ́ńjìnnì tó wà ní Igbókọ̀dá tú u wò, ó ní irin kan tó ń yí nínú ẹ̀ ló ti jẹ, pé kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irú ẹ̀ lọ́dọ̀ tòun, àfi kí a gbé e lọ sí Òkìtìpupa. Kọ́ńtírákítọ̀ náà ò sì le mọ́ Bàbá. Ó kàn fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ọkọ̀ tóun bá bá lẹ́bàá èbúté láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lòun máa gbé òṣìṣẹ́ lé, pé ọkọ̀ pọ̀ tó ń dúró. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí ìka ẹsẹ̀. Ẹja inú ọbẹ̀ wa kéré sí i kí ọjọ́ Ajé tó dé rárá, bí ẹni pé Màmá ń kọ́ wa bí a ó ṣe máa ṣe é. Èmi náà ní wàhálà tèmi: eyín kan ń mì lẹ́nu mi, ó ń dùn mí títí dé etí, wọ́n sì ní tí Bàbá bá ń lọ sí Òkìtìpupa, kó mú mi lọ kí wọ́n yọ ọ́ ní hòsípítù. Torí náà mò ń gbàdúrà pé kí ẹ́ńjìnnì débẹ̀, mo sì tún ń gbàdúrà pé kó má débẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbé ẹ́ńjìnnì náà sínú mọ́tò. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò dé. Àga ẹ̀yìn ló yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ sí, kí wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ síta, kí wọ́n sì fi okùn so ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí Màmá sọ nìyẹn. Bàbá wo náílọ́ọ̀nù, ó wo ẹ́ńjìnnì tó ń kán epo dúdú tó, tó, ó ní òórùn ẹ̀ ò ní jáde níbẹ̀ mọ́ láéláé. Màmá bi í jẹ́ẹ́ pé ṣé náílọ́ọ̀nù ni a ó máa sè jẹ tó bá di ọjọ́ Ajé. Ẹnì kan ní kó lọ háyà píkọ́ọ̀pù; Bàbá ní ẹni tó ní mọ́tò kì í háyà mọ́tò. Ohun tó kù ni kárià, irin tí wọ́n ń gbé lé orí mọ́tò kí wọ́n lè di ẹrù lé e. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá kárià kiri Igbókọ̀dá nìyẹn, Bàbá níwájú, Bọ̀dá Ẹ̀bùn, àbúrò ẹ̀ tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn ẹ̀, èmi lẹ́yìn pátápátá, mo fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò gbé ọ̀kan jáde fún wa. Irin gidi ni, ó ní èékánná mẹ́rin tó máa ń gbá etí òrùlé mọ́tò mú. A gbé e lé orí mọ́tò Bàbá, ó rọra yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lápá kejì. Òrùlé mọ́tò náà ò ní etí. Orí ẹ̀ dán bí ẹyin. Ẹni tó ń tà á ní a lè fi aṣọ há a. Bọ̀dá Ẹ̀bùn bi í pé ṣé aṣọ ló máa di ẹ́ńjìnnì mú. Ibẹ̀ la ti lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó wọn orí mọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní nǹkan kékeré ni, pé òun á lu ihò mẹ́rin sí òrùlé, òun á de kárià mọ́ ọn nínú pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, tí ìjì bá tilẹ̀ gbé mọ́tò lọ, wọ́n á jọ lọ ni. Bàbá dìde kúrò lórí bẹ́ńṣì.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Níbi tí a ti wá, ẹ lè bú èèyàn, ẹ lè gba ìyàwó ẹ̀, wọ́n á bá yín parí ẹ̀ nílé ìjọ. Àmọ́ ẹ ò lè lu ihò sára ohun tó ń gbé èèyàn. Wọ́n ní ọ̀dọ́ kan wà láyé bàbá bàbá mi tó kan ìṣó kékeré mọ́ ara ọkọ̀ ojú omi kó lè rí ibi fi ṣẹ́ẹ̀tì kọ́. Wọn ò nà án. Wọ́n kàn ní láti ọjọ́ yẹn lọ, òun ni kó máa gbọ́n omi inú ọkọ̀ náà, títí ó fi gbéyàwó, tó bímọ, tọ́mọ náà fi dàgbà tó bi í pé kí ló ń gbọ́n. Ìtàn yìí la fi tọ́ wa dàgbà, torí náà nígbà tí wẹ́dà mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ẹ̀ jáde, mo sá sẹ́yìn Bọ̀dá Ẹ̀bùn. Wẹ́dà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, orí títì lẹ ó gùn ún. Omi wo ló fẹ́ gba orí wọlé bá yín?"

Bàbá ní, "Ohun tó ń gbé èèyàn, a kì í lu ihò sí i lára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi."

Bọ̀dá Ẹ̀bùn mi orí. Èmi náà mi orí, ọmọ ìwé mẹ́rin ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo tilẹ̀ wo wẹ́dà náà tàánú-tàánú bí aláìmọ̀kan. Ó ní kò burú, kí Ọlọ́run ṣọ́ wa lọ, ó sì padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Bọ̀dá Ẹ̀bùn ló wá ṣe kárià náà, pẹ̀lú igi, lẹ́bàá èbúté. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó rẹwà. Ó gbẹ́ igi tó tẹ̀ kọrọdọ bí egungun ìhà ọkọ̀ ojú omi, ó fi àwọ̀n àtijọ́ wé abẹ́ ẹ̀ kó má baà họ ọ̀dà mọ́tò, ó fi okùn di gbogbo oríkèé ẹ̀ láìsí ìṣó kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lé orí mọ́tò, ó jókòó bí fìlà. Wọ́n wá gba okùn láti ojú fèrèsé kan wọlé, ó gba inú mọ́tò kọjá, ó jáde lójú fèrèsé kejì, ó gorí kárià padà, wọ́n sì fà á le. A di ẹ́ńjìnnì náà lé e. A dúró, a wò ó, inú wa dùn. Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó fa ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ṣí. Okùn ti gba ojú fèrèsé, ó ti de gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ra wọn. Gbogbo wa wà níta, mọ́tò wà nínú ìdè. Bọ̀dá Ẹ̀bùn ní kò tíì sí nǹkan, ẹ̀yìn wà. Bàbá gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ó rá pálá lórí àga dé iwájú, náílọ́ọ̀nù ń dún lábẹ́ ẹ̀. Àwọn tó ń di ẹrù lẹ́bàá èbúté dúró wò wá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀yin ará omi, ṣé ẹ ń wọ mọ́tò ni àbí ó ń gbé yín mì?" Bàbá ń yí sítíárín láti mọ̀ bóyá apá òun ń gba àyè.

Nídìí kókó tí wọ́n ta sí okùn náà ni ọ̀rọ̀ wà. Lójú omi, a kì í ta kókó tó le. Kókó tí èèyàn máa fà lẹ́ẹ̀kan péré tí gbogbo ẹ̀ máa tú ni, torí tí ọkọ̀ bá fẹ́ dojú dé, ẹrù tí wọ́n so mọ́ ọn ló máa fà á lọ sísàlẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń ní kókó tí kò ṣeé tú lójú omi, sàréè ni. Ẹni tó bá sì di ìdí okùn yẹn mú kì í sùn, kì í tàkúrọ̀sọ, ẹni tó ni ọkọ̀ ló sì máa ń dì í mú. Ṣùgbọ́n Bàbá máa wa mọ́tò, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ò sí láyè. Ó wo ìdí okùn tó rọ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó wo Màmá, tó fẹ́ bá wa lọ, kó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan tó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ ojú òkun jíjìn lọ tà. Ojú Bàbá dà bí ojú ẹni tí wọ́n ní kó yá èèyàn ní eyín. Ó na okùn náà sí i. Ó ní, "Má fà á, àfi tí mo bá ní kó o fà á." Màmá ní òun ti gbọ́.

A rò pé a ti ṣe tán, àfi ìgbà tí Yèyé dé láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ. Ó ti ní kí wọ́n gbé òun wá láti ilé, ó jókòó láàárín ọkọ̀ ojú omi, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè kan lórí itan ẹ̀ bí ọmọ tuntun. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń rìn ládùúgbò wa láìsí kẹ́ẹ̀gì. A máa ń so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ọn pẹ̀lú okùn gígùn, tí ẹ́ńjìnnì bá já bọ́ sínú omi, kẹ́ẹ̀gì á léfòó, wọ́n á mọ ibi tó rì sí. Bàbá rọra sọ fún un pé orí ilẹ̀ là ń lọ. Yèyé ní òun mọ̀, pé òun náà ti rí ilẹ̀ rí. Bàbá ní kí ni kẹ́ẹ̀gì fẹ́ ṣe lójú títì. Yèyé ní, "Kí ló fẹ́ bàjẹ́?" Bọ̀dá Ẹ̀bùn so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ká okùn ẹ̀ jọ lórí kárià. A gba ẹ̀yìn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ ẹja dí ẹ̀yìn wa títí kan òrùlé, Bọ̀dá Ẹ̀bùn sì ti ilẹ̀kùn láti ìta. Dígí fèrèsé ò wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Mo rántí pé mo ronú pé inú ẹyin gan-an ló rí báyìí.

A ò tíì rìn jìnnà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí juwọ́ sí wa. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, gbogbo wọn ń juwọ́, wọ́n ń ké. Bàbá nà ró lórí àga. Ó ní àwọn èèyàn ọ̀nà yìí mà lọ́yàyà, ó sì ń juwọ́ padà. Èmi náà gbé ọwọ́ kan kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ń juwọ́ bí ọmọ ọba. Nǹkan kan ń dún lẹ́yìn wa gbọ̀ngàn, gbọ̀ngàn. Bàbá ní títì ni kò dáa. Màmá ò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó di ìdí okùn mú, ó ń wo òrùlé. Ó ní ẹ dúró ẹ wò ó. Bàbá ní tí a bá ń dúró torí gbogbo ohun tó bá dún, a ò ní débẹ̀ kí ẹlẹ́rọ tó ṣíwọ́. Kò lè rí ẹ̀yìn, apẹ̀rẹ̀ ẹja ti bo dígí. Èmi ò sì wẹ̀yìn, torí ọba kì í wẹ̀yìn.

A dé afárá. Afárá gidi ibẹ̀ ti wó, pákó ni wọ́n tò dípò ẹ̀, wọ́n ri òpó igi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, omi dúdú ń lọ nísàlẹ̀. Bàbá rọra gùn ún. A dé àárín tán ni mọ́tò dúró gọ́ọ́, bí ìgbà tí ẹnì kan di ẹ̀wù wa mú látẹ̀yìn. Bàbá rò pé táyà há sáàárín pákó, ó tẹná mọ́ ọn. Ìdí mọ́tò yí sápá ọ̀tún. Táyà ẹ̀yìn kan bọ́ sílẹ̀ létí pákó, gbogbo wa sì dà gbì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà yẹn la tó gbọ́ kárià lórí wa, tó ń rọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sápá omi pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, tó ń ké gan-an bí ọkọ̀ ojú omi ṣe máa ń ké tó bá fẹ́ dojú dé. Kò sí ọmọ Ìlàjẹ tí kò mọ igbe yẹn. Èmi náà ké, eyín tó ń dùn mí jáde lọ́gán, mo sì gbé e mì. Iwájú mi ni omi wà báyìí, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Fèrèsé ò gba èèyàn. Tí ẹnikẹ́ni bá sì sún sẹ́yìn, mọ́tò á tún wọlẹ̀ sí i.

Bàbá ti ká ọwọ́ kúrò lórí sítíárín. Òrùlé ló ń wò, kì í ṣe àwa. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Ìyá Dèjì, má fà á. Jẹ́ kí n ronú. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni ilé wa."

Kárià tún ké. Mọ́tò rọra tẹ̀ sí i. Màmá yíjú pa dà, ó wo ibi tí orí mi ti lẹ̀ mọ́ dígí. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Dèjì, inú ibí yìí ni ilé wa wà," ó sì fà á.

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ariwo láyé, mi ò tíì gbọ́ èyí tó kúrú tó ti ọjọ́ yẹn. Okùn sá gba ojú fèrèsé kọjá, ó jó mi ní etí, kárià gbéra, nǹkan ńlá kan bọ́ sómi, mọ́tò sì sọ padà, ó dúró lórí táyà tó kù bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn ṣí. A jáde lápá tí kò sí omi, a dúró lórí pákó. Ìgbà yẹn la rí i. Kẹ́ẹ̀gì Yèyé ti bọ́ sílẹ̀ látọ̀nà, òun ló ń wọ́ tẹ̀lé wa tó ń dún, òun ló lọ há sáàárín òpó afárá méjì tó sì fà wá sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ti já a gbà níbẹ̀ nígbà tó ń bọ́, ó sì ti fà á lọ sísàlẹ̀. Omi dúdú. Igi kárià ń léfòó lọ. Bàbá dúró létí afárá, apá ẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀. Kò wo Màmá. Màmá náà ò wò ó. Ó di ọwọ́ mi mú le débi pé mi ò lè sọ fún un pé mo ti gbé eyín mì. Mo rò ó lọ́kàn mi pé púpurú ti tán nílé wa.

Kẹ́ẹ̀gì bá yọ. Ó yọ pọ̀ọ́, ní àárín omi, ó yí ara ẹ̀ ká, ó jókòó síbẹ̀, ìyeyè, bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe. Bàbá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ká a dáadáa lé orí mọ́tò, ó sì wọ omi.

Àwọn tó ń juwọ́ sí wa ló wá bá wa fa okùn. Bàbá arúgbó kan tó sáré dé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ kọ́kọ́ dúró mí ná. Ó ní, "Látọ̀nà la ti ń ké pé ẹrù yín ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ kàn ń juwọ́ sí wa bí olóṣèlú." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa ẹ́ńjìnnì gòkè, ẹrẹ̀ ń dà lára ẹ̀, wọ́n gbé mọ́tò padà sórí pákó. Bàbá sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ya náílọ́ọ̀nù sọ nù fúnra ẹ̀, ó tẹ́ ẹ́ńjìnnì náà sórí àga, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ síta, ó fi okùn so ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀. Bí Màmá ṣe sọ ọ́ gan-an. Èmi wá jókòó pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja lórí itan títí dé Òkìtìpupa.

Ẹlẹ́rọ tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó ní omi ò tíì ráyè bà á jẹ́, tó bá jẹ́ omi iyọ̀ ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, ó ti ń dún. Ṣùgbọ́n Bàbá ò bá Màmá sọ̀rọ̀. Nínú yàrá kan náà, a jọ ń jẹun, á ní, "Dèjì, sọ fún ìyá ẹ pé omi tán." Màmá á ní, "Dèjì, sọ fún bàbá ẹ pé ó wà lẹ́yìn ẹ̀." Mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni àbí ìtìjú, mi ò sì tíì mọ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ti gbéyàwó, mo sì ti dákẹ́ irú ẹ̀ rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́ láìjẹ́ pé omi ṣíwọ́ lábẹ́ ẹ̀. Yèyé ní kẹ́ẹ̀gì òun ló kó gbogbo wa yọ. Bọ̀dá Ẹ̀bùn ní kẹ́ẹ̀gì náà ló fẹ́ pa wá. Wọ́n bá ọ̀rọ̀ yìí jà títí Yèyé fi kú, àwọn méjèèjì ló sì jàre. Kárià náà, àwọn ará afárá bá wa rí i, a gbé e wálé. Màmá gbé e lé orí ààrò, ó ń yan ẹja lórí ẹ̀, igi náà dúdú, ó ń dán, ó wúlò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí òkun tó wá kó ilé ìdáná yẹn lọ pẹ̀lú òpó àti ààrò, kó tó wá kó ilé gan-an tẹ̀lé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, Bàbá gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Màmá ń bá a lọ sí Igbókọ̀dá, ó fẹ́ ra iyọ̀. Mo dúró lórí pákó, mò ń wò wọ́n, pákó náà ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ òkúta mi. Bàbá so kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó di ẹrù àárín ọkọ̀, ó ta kókó tó ń tú lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ ẹ̀ ò dí lójú omi. Ọwọ́ kan tó fún ẹ́ńjìnnì, ìkejì ló máa ń fi di ìdí okùn mú látijọ́. Ó wo ìdí okùn náà díẹ̀. Ó nawọ́ ẹ̀ sí Màmá.

Màmá ò tètè gbà á. Ó ní, "Ṣé kí n dúró dìgbà tí ẹ bá ní kí n fà á ni?"

Bàbá yíjú sí ẹ́ńjìnnì, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń fà á. Ó ní, "Ìyá Dèjì, ojú ẹ náà ṣáà ń bẹ níbẹ̀." Ó fà á, ẹ́ńjìnnì dún, kò wúkọ́. Láti inú ilé, Yèyé bẹ̀rẹ̀ orin.